Géèmù Wo Ló Tọ́ sí Ọmọ Ọdún Mẹ́fà?

Nínú ọ̀rá lásán ni wọ́n sábà máa ń ta àwo géèmù fúnni lọ́jà. Kò sí páálí, kò sí nọ́ńbà ọjọ́ orí. Ẹni tó ń tajà á ní gbogbo ọmọdé ló ń gbá a. Bí Grand Theft Auto V, tó jáde ní 2013 fún ẹni ọdún 18 sókè, ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọkọ̀ ni wọ́n ń jí nínú rẹ̀, ìbọn ni wọ́n ń yìn.

Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà wà. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo PEGI láti 2003: 3, 7, 12, 16 àti 18. Lẹ́tà ni ESRB ti Amẹ́ríkà ń lò: E jẹ́ ti tọmọdé tàgbà, E10+ ti ọdún 10 sókè, T ti ọdún 13, M ti ọdún 17. Bí òbí bá tẹ orúkọ géèmù sórí fóònù, yóò rí i kó tó sanwó.

Ohun tí ojú ọmọ máa rí ni nọ́ńbà yìí ń sọ, kì í ṣe bí géèmù ṣe le tó. Nọ́ńbà 3 ni FIFA gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta wo ló lè gbá a? The Legend of Zelda: Breath of the Wild rẹwà lóòótọ́, àmọ́ PEGI 12 ni, ìwé kíkà inú rẹ̀ sì pọ̀.

Minecraft, tó jẹ́ PEGI 7, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń béèrè. Ọmọ á gbẹ́lẹ̀, á gé igi, á kọ́lé. Òru ibẹ̀ ni wàhálà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkú á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ̀dá aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní Creeper á yọ́ wá sẹ́yìn ọmọ, á bú gbàmù, ilé tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ á sì wó. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò ní ka ìyẹn sí eré. Ẹkún gidi ló máa sun, ó sì lè má fẹ́ dá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí òbí wọ settings, kó yan Peaceful. Òkú àti Creeper ò ní yọjú mọ́.

Níbi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ti ń jà sí páàdì, Super Mario Odyssey dára: àbúrò á máa darí Mario, ẹ̀gbọ́n á máa darí fìlà rẹ̀. Assist Mode rẹ̀ tún máa ń fi ọfà júwe ọ̀nà.

PEGI kò lè mọ ohun tí àlejò máa sọ fún ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù orí fóònù tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ náà ń tajà nínú. Bí káàdì báǹkì bá wà lórí fóònù, ìka ọmọ lè ná owó oúnjẹ. Òbí lè ṣètò Play Store kó máa béèrè password kí owó tó kúrò. Ọmọ tó ń dá kọ́lé nínú Minecraft kò sì nílò dátà rárá; kí wọ́n pa á kí wọ́n tó gbé fóònù fún un.