Ọkọ̀ Òkun Kì Í Dúró De Èrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa jìn sí kòtò kan ní oṣù Keje ọdún 2023. Ojú ọ̀nà tó lọ láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow ní London sí èbúté Southampton ni kòtò náà wà. A rí i pé kò yẹ kí a dákẹ́, nítorí pé àwọn ìdílé tó ń fi ọkọ̀ òkun ṣe ìgbafẹ́ ń pọ̀ sí i láàárín wa. Àwọn kan ń fi í ṣe ọjọ́ ìbí òbí wọn, àwọn mìíràn ń fi í ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó. Wọ́n á tu owó jọ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á san owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á san owó ọkọ̀ òkun. Ṣùgbọ́n ìrìn kúkúrú tó wà láàárín méjèèjì, èèyàn díẹ̀ ló ń ronú sí i. Ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ìdí tí a fi lọ

Màmá wa pé ẹni ọdún 75 ní ọdún náà. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọn kò béèrè aṣọ, wọn kò sì béèrè àsè. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún wọ ọkọ̀ òkun lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dágbére fáyé."

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn nínú. Ní 1968, nígbà tí Màmá jẹ́ ìyàwó tuntun, ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni wọ́n wọ̀ láti Èkó lọ bá Bàbá wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà inú yín á rántí ọkọ̀ náà. Ọdún 1951 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó, ìrìn-àjò náà sì ń gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ kàwé lókè òkun láyé ìgbà náà ló mọ ìró fèrè rẹ̀. Ní 1972, wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton. Ní 1974, ó dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe yan Southampton. A san owó ọkọ̀ kan tí yóò fi ọjọ́ méje rìn dé àwọn èbúté Norway, fún Màmá, fún àwa tọkọtaya, àti fún ọmọbìnrin wa.

Àṣìṣe wa

Màmá kìlọ̀ fún wa. Wọ́n ní kí a dé London ní ọjọ́ méjì ṣáájú. A rẹ́rìn-ín. A ṣàlàyé fún wọn pé ayé ti yí padà, pé ọkọ̀ òfuurufú kò lò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ láti Èkó. A ti ṣírò rẹ̀ sórí ìwé: a ó kúrò ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó dé Heathrow ní aago márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ òkun yóò sì gbéra ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Odindi wákàtí mọ́kànlá! Owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan tí a kò ní san sì dùn mọ́ wa.

Ìṣirò wa kò tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé aago mẹ́rin àbọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ èrò. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. A kà á, a kò sì fi sọ́kàn.

Ọkọ̀ òfuurufú wa fi wákàtí mẹ́rin pẹ́ kó tó gbéra ní Èkó. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ la balẹ̀. Ìlà àwọn tó ń dúró kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà wọn gùn bí ìlà epo bẹntiróòlù. Àpótí Màmá ló jáde kẹ́yìn. Nígbà tí a máa fi bọ́ síta, aago méjìlá ti lù. Bọ́ọ̀sì tí a ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ti lọ tipẹ́, kò sì sí àyè fún èèyàn mẹ́rin nínú èyí tó tẹ̀ lé e. La bá gba takisí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù Keje ni, ìgbà tí gbogbo ará London ń kó ọmọ lọ sí etí òkun. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lójú ọ̀nà M3. Nígbà tí a wọ Southampton, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù. Awakọ̀ béèrè pé, "Géètì wo?" A wo ara wa lójú. A ní kó ṣáà gbé wa lọ síbi tí a ti ń wo ọkọ̀ ńlá kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbé wa dé Géètì 4. Ọkọ̀ ńlá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa. Tiwa wà ní Mayflower, Géètì 10, ní apá kejì ìlú.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú la débẹ̀. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi pẹ̀lẹ́tù bá wa sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n ti parí orúkọ èrò, wọ́n sì ti fi í ránṣẹ́. A bẹ̀bẹ̀. A tọ́ka sí Màmá. A ń wo ọkọ̀ náà níwájú wa gedegbe, àwọn èèyàn ń juwọ́ lórí rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe.

A lọ jókòó sí Mayflower Park, ọgbà ìtura kan létí omi. Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ náà fi fọn fèrè, tó sì rọra kọjá lọ. Ọmọ wa ń sunkún. Àwa méjèèjì kò lè wo ojú Màmá. Wọ́n dìde, wọ́n juwọ́ sí ọkọ̀ náà, wọ́n jókòó padà. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo fẹ́ wọ Aureol, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn ní Èkó. Ilé àǹtí mi ni mo dé sí. Bàbá mi ló ní bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe, pé ọkọ̀ òkun kì í dúró de èrò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká lọ wá oúnjẹ jẹ."

Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú wa.

Kí ló dé tí ọkọ̀ kò lè dúró?

Kì í ṣe ìwà ìkà. Ọkọ̀ tó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ti gba àyè sílẹ̀ ní èbúté tó ń lọ. Atukọ̀ tó mọ ojú omi èbúté náà, tí yóò tọ́ ọkọ̀ sọ́nà jáde, ti ní wákàtí tirẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ kó tó gbéra. Wákàtí kan tàbí wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú ni wọ́n sábà máa ń tilẹ̀kùn. Wákàtí ìtilẹ̀kùn yìí ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yín.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìlú tàn yín

Nínú ìwé ìpolówó, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ "London" sára ọkọ̀ tó jẹ́ pé Southampton ló ti ń gbéra. Láti Heathrow sí ibẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 65. Wọ́n á kọ "Róòmù", Civitavecchia ni wọ́n ní lọ́kàn, ó sì tó nǹkan bí 70 kìlómítà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Fiumicino. Èyí tí wọ́n pè ní "Paris", Le Havre ni, tó fi nǹkan bí 200 kìlómítà jìnnà sí Paris. Ní Amẹ́ríkà, pápá ọkọ̀ òfuurufú Miami kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ lọ sí èbúté ìlú náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá balẹ̀ sí Orlando láti wọ ọkọ̀ ní Port Canaveral ṣì ní nǹkan bíi máìlì 45 láti rìn. Ẹ wo orúkọ èbúté, ẹ má wo orúkọ ìlú nìkan.

Láyé Aureol, kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá sọ fún wa pé nígbà tí àwọn dé Liverpool, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ló gbé àwọn dé inú reluwé. Òótọ́ ni. Ibùdó reluwé Riverside wà lẹ́bàá èbúté náà gan-an láti 1895 títí di 1971, nítorí àwọn èrò ọkọ̀ òkun ni wọ́n sì ṣe kọ́ ọ. Lónìí, ìwọ fúnra rẹ lo máa so ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà tó lọ sí Southampton

Láti Heathrow, kò sí reluwé tó lọ tààrà. Bọ́ọ̀sì National Express ń lọ láti ibùdó bọ́ọ̀sì àárín gbùngbùn Heathrow, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dán. Ẹni tó bá fẹ́ reluwé lè kọ́kọ́ wọ àárín London lọ sí ibùdó Waterloo, kó wá wọ èyí tó ń lọ sí Southampton Central. Pẹ̀lú ẹrù àti àgbàlagbà, ìyẹn kò rọrùn.

Láti Gatwick, èèyàn lè wọ reluwé lọ sí Southampton Central. Láti ibùdó náà, takisí kò ní pẹ́ dé èbúté.

Ilé ìwọkọ̀ márùn-ún ló wà ní Southampton. Ocean àti Queen Elizabeth II wà ní apá ìlà-oòrùn, Géètì 4 ni wọ́n ń gbà wọlé. City, Mayflower àti Horizon, tí wọ́n ṣí ní 2021, wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Géètì 8 ni ti City, Géètì 10 ni ti Mayflower. Ẹ kọ orúkọ tiyín sórí ìwé kí ẹ tó wọ takisí, kí ẹ sì tún wò ó lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, nítorí pé wọ́n lè yí i padà.

Ohun tí a ó ṣe bí a bá tún ń lọ

1. Ẹ dé ìlú èbúté náà, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, kó fi ọjọ́ méjì sí i. Owó hòtẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe owó àṣejù, apá kan owó ọkọ̀ ni.

2. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun bá ń ta bọ́ọ̀sì tirẹ̀ láti pápá ọkọ̀ òfuurufú, tàbí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ti òkun, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹ bá pẹ́. Wọ́n sábà máa ń mójú tó àwọn tó gba ọ̀nà tiwọn. Ẹni tó bá dá ọ̀nà tirẹ̀ là, òun ló ni wàhálà rẹ̀.

3. Oògùn, ìwé ìrìnnà, ohun ọ̀ṣọ́ àti aṣọ ọjọ́ kan, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Àwọn aláàárù èbúté á gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó tún rí i. Ẹ so nọ́ńbà yàrá yín mọ́ ọn.

4. Ẹ ka ìwé adójútòfò yín. Àwọn kan máa ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀, àwọn mìíràn kì í san án bí àkókò tí èèyàn fi sílẹ̀ kò bá tó. Wọn kò san tiwa.

5. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ì báà jẹ́ London ló ń gbé, nílò físà Schengen fún Norway tàbí Spain, yàtọ̀ sí físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Físà yìí ló gbà wá. Nítorí pé ó wà lọ́wọ́ wa, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà gbà kí a lọ pàdé wọn ní Bergen, ní Norway, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. A wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ Àìkú. Ohun tí a ná lé ní ìlọ́po mẹ́wàá owó hòtẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọgbọ́n ti wọlé. Láti ọdún 2017 ni ọkọ̀ ojú irin Bybanen ti ń lọ láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Bergen dé àárín ìlú, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. A wọ̀ ọ́, a wá ilé sùn, a sì bèèrè ọ̀nà èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ọkọ̀ tó sọ ìdákọ̀ró lówùúrọ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sí etí omi. Màmá ló jí wa.

Ẹ rántí àbọ̀

Ìrìn náà kò parí sí àlọ. Òwúrọ̀ kùtù ni ọkọ̀ sábà máa ń dé Southampton, ṣùgbọ́n ó lè di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kí gbogbo èrò tó bọ́ sílẹ̀, ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú òwúrọ̀ láti Heathrow lọ́jọ́ náà. Ti alẹ́ ni a gbà. Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ, a jẹun, a sì rí àyè sinmi.

Lórí ọkọ̀ Màmá jókòó sí etí irin lójoojúmọ́, wọ́n ń wo omi. Ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ méje ni àìgbọràn wa gbà lọ́wọ́ wọn, a kò sì lè rà á padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí ẹ fẹ́ gbé jáde, ẹ tẹ́tí sí wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti rin ọ̀nà náà rí kí a tó bí yín.

Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa.