Aṣọ Ọkùnrin Lọ́rùn Obìnrin

Ẹni tí ó bá gba Old GRA ní Port Harcourt kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n wọ kóòtù àti ṣòkòtò, tí wọ́n ń lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn àgbà Yorùbá kan tí wọ́n ń gbé ìdálẹ̀ a máa yíjú padà wò wọ́n. Wọn a ní ìró àti bùbá ni ti obìnrin, ṣòkòtò ni ti ọkùnrin, ó parí. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀ rárá.

Àwọn òyìnbó amúnisìn ni ó kọ́kọ́ ya irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ibùgbé ara wọn. Kóòtù àti táì ni aṣọ àṣẹ nígbà náà, ọkùnrin ni ó sì ń pàṣẹ.

Àwọn Kalabari tí wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers mọ̀ dáadáa pé aṣọ a máa sọ ipò. Ní ètò ìbílẹ̀ wọn, etibo ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin, woko ni ti ọkùnrin tí ó ti rọ́wọ́ mú, doni ni ti olóyè, ebu sì ni ti ọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá gbé doni wọ̀ ti ṣe àṣejù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ni ó ni aṣọ ọkùnrin!

Ẹ wo aṣọ ilé ẹjọ́ pẹ̀lú. Aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ àti wíìgì onírun ẹṣin, ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dá a fún. Stella Thomas, ọmọ Èkó, wọ̀ ọ́ ní 1933 nígbà tí ó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù. Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè Àgbà Amòfin Nàìjíríà ní 1981. Ní Rivers níhìn-ín, Mary Odili di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ní 1992, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2011. Ta ni ó rí wọn tí ó ní aṣọ ọkùnrin ni wọ́n wọ̀? Ipò náà ti di tiwọn, aṣọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, ọ̀nà kejì wà. Ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n lé àgùnbánirọ̀ obìnrin méjì kúrò ní ibùdó ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi, nítorí pé ìgbàgbọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò. Ní oṣù kẹfà 2025, nínú ẹjọ́ tí àwọn mìíràn pè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé fífi ipá mú obìnrin wọ ṣòkòtò tako ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ṣòkòtò burú. Ipá ni ó kọ̀.

Bàbá tí ó ń lé ọmọbìnrin rẹ̀ padà sí yàrá pé kí ó lọ bọ́ ṣòkòtò kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́, ṣé ohun tí òun ń ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn aláṣẹ ibùdó yẹn?