Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé jíìnì iṣan ti jí?

Ẹni tó ń roko lójoojúmọ́ mọ̀ pé iṣan apá òun ń le sí i. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ọ̀hún? Àwọn onímọ̀ ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń wò ó. Òun la fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni jíìnì wà, òun ni àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n jíìnì kì í dá jí. Àwọn purotéènì kan ló ń jí i, lédè Faransé, facteurs de transcription. Ọ̀kan lára àwọn tó ń jí jíìnì iṣan ni MEF2A.

Pé MEF2A wà níbẹ̀ kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ o. Ó lè wà lórí jíìnì kó máa sùn. Tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, purotéènì mìíràn, p38, á lẹ fọ́sífátì mọ́ ọn lára. Ẹ wo àpò ajílẹ̀ NPK: P yẹn ni fọ́sífọ́ọ̀, òun náà ló wà nínú fọ́sífátì. Edmond Fischer, tó kàwé ní Geneva, àti Edwin Krebs ló rí irú iṣẹ́ fọ́sífátì yìí lára iṣan ehoro ní Seattle, Amẹ́ríkà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Tí fọ́sífátì bá wà lórí ìlẹ̀kẹ̀ 312 àti 319, MEF2A á jí dáadáa. Tó bá jẹ́ 408 ló wà, ńṣe ni yóò fà á sẹ́yìn. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ ibi tó wà gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Wọ́n á ṣe ègé kékeré tó jọ ibi ìlẹ̀kẹ̀ 312, pẹ̀lú fọ́sífátì lórí rẹ̀, wọ́n á fi gún ehoro lábẹ́rẹ́. Ara ehoro á kà á sí àlejò, á sì ṣe ọmọ ogun tó ń dì í mú, bí ara ọmọ wa ti ń ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ ogun yìí ni anticorps. Wọ́n á gbà á láti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro.

Àmọ́ àwọn kan nínú wọn á di ègé náà mú bí kò tiẹ̀ sí fọ́sífátì. Wọ́n á sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì: wọ́n á dà á gba orí ègé tí kò ní fọ́sífátì. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀. Èyí tó kọjá ni wọ́n ń fẹ́.

Wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ dán an wò. Tí wọ́n bá bọ́ fọ́sífátì kúrò lára MEF2A, anticorps kò gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan mọ́. Tó bá ṣì ń rí i, irọ́ ló ń pa. Wọ́n tún ń lo anticorps kejì tó ń rí gbogbo MEF2A, torí pé bí MEF2A fúnra rẹ̀ bá dín kù, a lè rò pé fọ́sífátì ló dín kù.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn ọmọ kan wà, pàápàá ọmọkùnrin, tí iṣan wọn ń rọ díẹ̀díẹ̀: myopathie de Duchenne. Jíìnì mìíràn, ti dystrophine, ló bàjẹ́ lára wọn, irinṣẹ́ yìí kò sì lè wò wọ́n sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá oògùn tí iṣan á fi tún ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá jíìnì iṣan ń jí lóòótọ́. Tí anticorps bá purọ́, owó àti ọdún á ṣòfò, ìrètí àwọn òbí á sì já sí asán. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé oògùn òun ń jí iṣan, ẹ bi í: kí lẹ fi rí i, ta ló sì dán an wò?