Ìdí Tí A Fi Ń Jó Lẹ́yìn Ìyá Àgbà

Bí ìyá àgbà Yorùbá kan bá jáde láyé ní Port Harcourt, ilẹ̀ kò ní í ṣú kí fóònù tó dún dé London àti Houston. Àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Omijé kò tíì gbẹ lójú, ẹ ti ń yan aṣọ ẹbí? Ta ló ń pe onílù síbi òkú? Kí ló dé tí ẹ ó gbé Màmá kúrò ní ìlú tí wọ́n ti ṣòwò dàgbà? Ó yẹ kí òbí dáhùn kí gbogbo wọn tó wọ bàálù, torí ọmọ tí kò bá mọ ìdí lè rò pé aláìláàánú ni wá.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè bí mẹ́wàá, kó tọ́ wọn, kó rán wọn níléèwé, síbẹ̀ Yorùbá kò tíì ní í sọ pé ó jèrè wọn, àfi ìgbà tí wọ́n bá dúró ti sàréè rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á yára sin ín, kò sí ìlù, kò sí àsè, bàbá àti ìyá kì í sì í débi sàréè. Ṣùgbọ́n bí arúgbó bá lọ, tó fi ọmọ sáyé, ohun tí olúkúlùkù wa ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ló ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yẹn. À ń sunkún torí pé ó dùn wá. À ń jó torí pé ó gún régé.

Ẹ wo Ìyá wa H.I.D. Awólọ́wọ̀, ìyàwó olóṣèlú nì, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1915. Ní oṣù Keje 1963, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, nígbà tí ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ṣì wà lọ́rùn bàbá rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi tu ìyá nínú lẹ́yìn irú ìyẹn. Ìyá náà sì wà láyé títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2015. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí wọn ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún gan-an, ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sin wọ́n. Ẹni tó bá rántí òkú ọ̀fọ̀ 1963 ló lè mọ ohun tí ayẹyẹ 2015 túmọ̀ sí.

Ohun kejì tí àwọn ọmọ yín máa gbọ́ níbi ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ ọjà. Láyé àtijọ́, bí ọkọ bá gbé ìyàwó wálé, ó yẹ kó fún un lówó ìdókòwò. Láti ọjọ́ náà, èrè ọjà ti di ti ìyàwó. Ọkọ kì í kà á, bẹ́ẹ̀ ni ogún rẹ̀ kì í kan ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa pín in. Òun ló ń fi bọ́ wọn, òun ló ń fi san owó iléèwé, òun náà ló fi ń ran ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí oníwàásù ń yin irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ó ṣe bí ọkùnrin. Bí obìnrin Yorùbá ló ṣe.

Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní London ní 1944, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣòwò, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ títí ọkọ fi dé. Lẹ́yìn náà ló ta aṣọ, tó sì di alápínkà fún Nigerian Breweries. Àwọn tó ti ọkọ mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Calabar kò lè ti ìsọ̀ ìyàwó mọ́ ọn. Owó ara rẹ̀ ló gbé ilé dúró, tó fi lè jáde polongo ìbò ní 1964 fún ẹgbẹ́ òṣèlú ọkọ rẹ̀, kí wọ́n tó dá ọkọ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1966. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá àgbà wọn dá dúró, *ṣùgbọ́n* ó fẹ́ràn ẹbí. Dídá dúró yẹn gan-an ló fi fẹ́ràn wọn.

Ti aṣọ ẹbí kò le. Ẹbí ń wọ aṣọ kan náà kí aráyé lè rí iye àwọn tó tara ìyá yìí jáde. Àwọn àna ń wọ tiwọn, ẹgbẹ́ ọjà ń wọ tiwọn. Àwọn Kalabari, aládùúgbò wa ní Port Harcourt, ní tiwọn. Ní Buguma àti Abonnema, ìlú wọn, bí àgbàlagbà bá kú, wọ́n á fi aṣọ àtàtà inú àpótí ẹbí ṣe yàrá àti ibùsùn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní aṣọ ìjàpá. Ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀bú ló ti bá òwò dé ẹkùn odò wọn, kí àwọn obìnrin ìlú Akwete tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún, lórí òfì tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ara wọn. Bí ọmọ yín bá bá wọn dé irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ fi hàn án.

Ní ti gbígbé òkú relé: 1913 ni wọ́n sọ Port Harcourt lórúkọ, 1916 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èédú Enugu wá síbẹ̀. Iṣẹ́ àti òwò ló gbé Yorùbá débẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ṣì wà ní ìlú àwọn baba wọn. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin àgbà sí, kó má bàa jìnnà sí àwọn tó bí. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Awólọ́wọ̀ fi wà nínú ọgbà ilé wọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn Mùsùlùmí ń yára sin òkú wọn, ibi tí ikú bá bá wọn náà ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn sí. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹbí á pé jọ ṣe àdúrà fídáù. Bí ìyá bá ti sọ ibi tó fẹ́ sùn, èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi bá a jà sí i.

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ sábà máa ń gbàgbé. Ìyá tó ní ìsọ̀ ní ọjà Mile One ní Port Harcourt ní àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ní àwọn tí òun náà jẹ, ó sì lè wà nínú àjọ tí kò tíì kó. Kí ẹ tó pín aṣọ àti wúrà rẹ̀, ẹ rán àkọ́bí sí ọjà, kí òun àti ìyálọ́jà jókòó, kí wọ́n béèrè ní gbangba ẹni tí Màmá jẹ lówó. Ẹ san án pé.