Ẹ̀rọ Ayàwòrán Lára Ẹja

Ní ọdún 1986, Greg Marshall, ọmọ Amẹ́ríkà, mòòkùn nínú òkun ilẹ̀ Belize. Ó rí àkúrákudà tí ẹja kékeré kan lẹ̀ mọ́ lára. Ó wá rò ó pé bí ẹ̀rọ ayàwòrán bá wà níbi tí ẹja kékeré yẹn wà, a ó máa rí ohun tí àkúrákudà ń rí.

Ó ṣe ẹ̀rọ náà, orúkọ rẹ̀ ni Crittercam. Wọ́n máa ń so ó mọ́ àkúrákudà tàbí ìjàpá òkun. Bí àkókò bá tó, ẹ̀rọ á tú, á léfòó, wọn á lọ mú un. Àwòrán rẹ̀ ti wọ fíìmù tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kéré, kó fúyẹ́. Bí ó bá wúwo, ẹran náà kò ní ṣe bó ṣe máa ń ṣe, àwòrán á sì tàn wá jẹ.