Ọ̀bẹ Tí Ẹ Fẹ́ Rọ: Irin Wo, Èèkù Wo?

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tí yóò lò ó ni yóò bá a ronú èèkù, òun náà ni yóò sì bá a yan irin. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rọ ọ̀bẹ tí ẹ ó máa lò lóko àti lẹ́yìnkùlé, ẹ má ṣe dé àgbẹ̀dẹ kí ẹ kàn wí pé, "Bàbá, ẹ rọ ọ̀bẹ kan fún mi." Ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Kábọ̀n inú irin ni ó ń jẹ́ kí irin le nígbà tí a bá fi iná mú un pọ́n, tí a sì rì í sínú òróró. Irin tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe géètì kò ní in púpọ̀. Ọ̀bẹ tí a bá fi rọ lè máa dán, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ kú. Ọ̀bẹ tí ó kú ni à ń fi agbára tì, òun náà ni í sì í yẹ̀ gé ni lọ́wọ́.

Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni ó yẹ iṣẹ́ ìta. Kábọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó le, ó sì rọrùn láti pọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń dípẹtà. Irin tí kì í tètè dípẹtà ní kúrómíọ́mù tí kò dín ní 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru tí ó ń fẹ́ ṣòro láti mọ̀ nínú iná ẹwìrì. Ẹ ra irú èyí lọ́jà fún ilé ìdáná.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rì í, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún yá a níná díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ṣẹ́ bí gíláàsì. Kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n fi fáìlì kan ẹnu rẹ̀: bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, kò tíì le tó.

Ó wá ku èèkù, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí. Èèkù tí ń mì lè yọ nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn yín. Igi rírọ̀ a máa wú nínú omi, a sì máa sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀; báyìí ni ìṣó rẹ̀ ṣe ń tú. Igi apá tàbí ìrosùn le, ó sì ń pẹ́. Ìwo màlúù lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bí ọ̀rá ẹran bá kàn án. Kí irin gba inú èèkù já dé ìdí, kí ìṣó mẹ́ta sì dì í mú. Ọwọ́ yín ni kí wọ́n fi wọn èèkù náà, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ yín.

Nígbà tí ẹ bá lò ó tán, pàápàá bí ẹ bá fi gé ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.