Bí Ibùwọ̀ Àlejò Ṣe Bọ́ Sínú Odi Dubrovnik

Ní Dubrovnik, ìlú olódi tó wà létí Òkun Adriatic ní gúúsù orílẹ̀-èdè Kroatíà, ọ̀rọ̀ ibi tí àlejò yóò sùn ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba fún ohun tó lé ní 600 ọdún, láti ìgbà tí ìrìn-àjò afẹ́ kò tíì wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ń wá yàrá síbẹ̀ lónìí, orúkọ àdúgbò mélòó kan ni wọn yóò kà fún un: Stari Grad, èyíinì ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, lẹ́yìn náà Pile, Ploče, Lapad, Gruž, àti Cavtat tó jìnnà díẹ̀. Àwọn tó ń ta yàrá a máa sọ pé òkun tí fèrèsé dojú kọ àti ìrìn ẹsẹ̀ dé ẹnubodè ló fa ìyàtọ̀ owó wọn, irọ́ kọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá fi wà lẹ́yìn odi, tí yàrá kéékèèké fi kún inú odi fọ́fọ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò sì fi sí nínú odi mọ́, ti pẹ́ ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ.

Ìlú oníṣòwò ni ìlú náà nígbà tí wọ́n ń pè é ní Ragusa. Ó ń ṣàkóso ara rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láàárín Ítálì àti àwọn ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè ní ìlà-oòrùn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ti ẹnubodè mọ́ àlejò, ebi ni yóò pa òun. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tó jà ká ilẹ̀ Yúróòpù dé ibẹ̀ ní 1348, ó sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Keje, ọdún 1377, Ìgbìmọ̀ Ńlá ìlú náà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ibi tí àrùn ti ń jà bọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé àfi tó bá kọ́kọ́ lo oṣù kan gbáko ní Cavtat tàbí ní Mrkan, erékùṣù kékeré kan tí kò jìnnà sí i. Ìyàsọ́tọ̀ ni à ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, èyíinì ni kí a fi ẹni tí ara rẹ̀ le lójú pa mọ́ síbì kan títí ọjọ́ yóò fi fi hàn bóyá àrùn wà lára rẹ̀, òfin Ragusa sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó wà lákọsílẹ̀ níbikíbi. Ọgbọ́n tó wà nínú òfin náà ni pé kò lé àlejò padà, kò sì gbà á wọlé. Ibùwọ̀ ni ó yàn fún un.

Lẹ́yìn èyí, ìlú náà kò fi ọ̀rọ̀ ibùwọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n kọ́ Lazareti, ilé ìyàsọ́tọ̀ olókùúta, sí ẹ̀yìn ẹnubodè ìlà-oòrùn ní Ploče, nítorí pé ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ ọba Ottoman bọ̀ máa ń gbà, tẹṣin tẹrù. Gbọ̀ngàn gígùn mẹ́wàá ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àgbàlá là wọ́n láàárín, tí ẹ̀yìn wọn kọ sí òkun. Inú wọn ni èèyàn àti ọjà ti ń dúró lábẹ́ ìṣọ́ títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Àwọn gbọ̀ngàn náà ṣì wà lórí ìdúró, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti eléré ló ń lò wọ́n báyìí, ọ̀pọ̀ àlejò tó sì ń ti hòtẹ́ẹ̀lì Ploče rìn wọ ìlú ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni irú àwọn ìbá ti kọ́kọ́ sùn láyé àtijọ́. Ní alẹ́, wọ́n á ti ẹnubodè Pile ní ìwọ̀-oòrùn àti ti Ploče ní ìlà-oòrùn, wọ́n á sì kó kọ́kọ́rọ́ lọ fún Knez, olórí tí wọ́n ń yàn fún oṣù kan péré. Knez fúnra rẹ̀ kò lómìnira tó bí orúkọ oyè náà ṣe dún, nítorí pé ààfin ni ó gbọ́dọ̀ máa gbé jálẹ̀ oṣù rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ àfi tí iṣẹ́ ìlú bá pè é. Ìlú tó lè yan ibùsùn fún olórí ara rẹ̀ kò ní rí i bí àṣejù láti yàn án fún àjèjì.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ọdún 1667, ilẹ̀ mì tìtì, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì wó apá tó pọ̀ jù nínú ìlú. Àwọn ilé tó kọjú sí ara wọn ní Stradun, pópó gbọọrọ olókùúta tó la inú odi já, àtúnkọ́ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ náà ni wọ́n, ìyẹn ló sì fi jẹ́ pé wọ́n jọra bí ìbejì: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ibùgbé lókè, ilé ìdáná lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé. Ìbẹ̀rù iná ló gbé ilé ìdáná gòkè. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, òrùlé ni yóò kọ́kọ́ jó, èèyàn á sì ráyè sá jáde nísàlẹ̀. Èéfín náà kò ní gba inú yàrá kọjá. Yàrá àjà tí wọ́n ń polówó lónìí fún ẹni tó fẹ́ máa wo òrùlé alámọ̀ pupa gbogbo ìlú láti orí ibùsùn, ibi tí ìyálé ilé ti ń se ọbẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀. Fọ́tò a máa fi òrùlé hàn. Kì í fi àtẹ̀gùn tóóró tí wọ́n á gbé àpótí gùn hàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ooru oṣù Kẹjọ hàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àwọn ọmọ ogun Napoleon wọ ìlú náà ní 1806, wọ́n fòpin sí ìjọba rẹ̀ ní 1808, nígbà tó sì ṣe, ó bọ́ sábẹ́ Ọ́stríà. Àsìkò Ọ́stríà yìí ni àlejò irú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, èyí tí kò gbé ọjà dání, tó jẹ́ pé oòrùn àti òkun ló ń wá kiri nígbà tí òtútù bá mú nílé rẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ inú oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1897, ni wọ́n ṣí Imperial, hòtẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Pile ni wọ́n kọ́ ọ sí, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ẹnubodè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, òfin kọ́ ló fi àlejò síta, àyè ni kò sí nínú ìlú: ilé ti fún mọ́ ilé, kò sí ibi tí wọn yóò fi ọgbà òdòdó sí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò sì lè gun àtẹ̀gùn. Ojú irin dé èbúté Gruž ní 1901, ìyẹn sì sọ Gruž di ibi tí èèyàn ti ń sọ̀kalẹ̀. Ploče ní tirẹ̀ di àdúgbò olówó, nítorí pé ó dojú kọ odi àti èbúté àtijọ́ tààrà. Níbẹ̀ ni Excelsior wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé afẹ́ ìdílé kan ní 1913. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí yàrá Ploče fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ojú tí àdúgbò náà fi ń wo ìlú ni ó ń sanwó fún, èyí tí ẹni tó wà nínú odi kò lè rí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Yugosláfíà, orílẹ̀-èdè tí Kroatíà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, sọ ìrìn-àjò afẹ́ di iṣẹ́ tí ń pawó ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Wọ́n dá àjọ̀dún eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ ní 1950, wọ́n ṣí pápákọ̀ òfurufú ní Čilipi ní 1962, ọ̀nà ńlá etí òkun sì dé ní àárín ẹ̀wádún náà. Bí ọkọ̀ òfurufú ṣe ń já ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Pile àti Ploče kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì kọ́ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì alájà púpọ̀ sí Lapad àti Babin Kuk, ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ní ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sí odi. Lójú kan náà, ìdílé lásán bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò sílé. Àwọn ìyálé ilé á lọ dúró sí ibùdókọ̀ àti èbúté ní Gruž, wọ́n á gbé páálí tí wọ́n kọ «sobe» sí dání, ìyẹn yàrá ní èdè ibẹ̀, wọ́n á bá àlejò ná owó yàrá lójú ọ̀nà, wọ́n á sì mú un délé. Yàrá ọmọ tó ti lọ sí yunifásítì ni wọ́n sábà máa ń fún un. Balùwẹ̀ kan náà ni òun àti onílé jọ ń lò, ilé ìdáná kan náà ni kọfí ti ń hó. Nípa báyìí ni àjèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú odi, ṣùgbọ́n ìyá tó ni ilé wà ní yàrá kejì tó ń gbọ́ bó ṣe ń húnrun.

Ogun ló já okùn náà. Nígbà tí Kroatíà ń yapa kúrò lára Yugosláfíà, láti oṣù Kẹwàá 1991 títí wọ inú 1992, àwọn ọmọ ogun Yugosláfíà dó ti Dubrovnik, wọ́n sì rọ òjò àgbá lé e lórí. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1991. Nínú ilé 824 tó wà nínú odi, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ọta àgbá bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1979 ni UNESCO, àjọ tó ń mójú tó àṣà àti ogún ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ti kọ ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun di ilé àwọn tí ogun lé kúrò lábúlé wọn. Nígbà tí àlàáfíà dé, wọ́n tún òrùlé ṣe dáadáa débi pé àmọ̀ tuntun tó pupa yòò ni a fi ń mọ ibi tí ọta bà; ṣùgbọ́n àtúnṣe ilé olókùúta wọ́n, àwọn àgbàlagbà ń kú, àwọn ọmọ wọn sì ń fẹ́ ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ tà, ọ̀pọ̀ kó lọ, wọ́n sì fi ilé sílẹ̀ fún ayálégbé ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun méjì ló wá mú kí ìkólọ yìí yára. Ìkínní ni íntánẹ́ẹ̀tì, tó mú kí onílé lè háyà yàrá fún ẹni tí kò rí rí, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ sínú àpótí kékeré lára ògiri. Ìkejì ni eré tẹlifíṣọ̀n Game of Thrones, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀ ní 2011, tó sì sọ odi ìlú náà di ohun tí gbogbo ayé fẹ́ fojú rí. Nǹkan bí 5,000 èèyàn ló ń gbé inú odi nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó kù síbẹ̀ báyìí. Ètò àtijọ́ ti yí padà porogodo: àjèjì tí wọ́n ń fi oṣù kan dá dúró lẹ́yìn odi ni ó ń sùn ní àárín ìlú, onílé sì ń wọ bọ́ọ̀sì wá ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn odi.

Ìjọba ìlú kò sùn sí i. Ní 2017, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ láti dín èrò kù, ní 2019 sì ni wọ́n fi gbèdéke lé ọkọ̀ ojú omi afẹ́, àwọn ọkọ̀ gàgàrà tó dà bí ilé gogoro lórí omi, pé méjì péré ló lè gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èrò inú wọn kò sì gbọdọ̀ ju 4,000 lọ. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ wọ̀nyẹn kì í sùn sí ìlú. Wọ́n á ra áísìkirimù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sínú ọkọ̀ kó tó di alẹ́. Àwọn tó ń sùn ni wọ́n ń gba ilé mọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́, ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ ìlú sì tó fọwọ́ kan ìyẹn, tí wọ́n ní àwọn kò ní fúnni ní ìwé àṣẹ tuntun mọ́ láti háyà ilé fún arìnrìn-àjò nínú odi. Ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò pàdánù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà fi ń dáàbò bo ẹni tó ti ń jèrè tẹ́lẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀ lọ.

Fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró di ẹnubodè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni Kroatíà ti wọ Schengen, ìyẹn àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó mú ẹnubodè àárín ara wọn kúrò, ẹni tó bá sì ń béèrè físà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ibi tí yóò wọ̀ sí hàn kí ó tó kúrò nílé. Nígbà tó bá ń yàn án, ó dára kí ó mọ̀ pé ọkọ̀ kì í wọ inú odi, àti pé àwọn ọ̀nà tóóró tó gòkè láti Stradun sí Prijeko, òpópó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, àtẹ̀gùn lásán ni wọ́n. Lapad yẹ ẹni tó kó ọmọ dání, nítorí etí òkun rẹ̀ rọrùn, bọ́ọ̀sì 4 àti 6 sì ń ná àárín rẹ̀ àti Pile. Cavtat sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú ju Dubrovnik lọ, ọkọ̀ ojú omi sì ń ti ibẹ̀ lọ sí èbúté àtijọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wọ̀ síbẹ̀ ti ṣe ohun tí òfin 1377 ní kí ó ṣe, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ó lè wọ ìlú lọ́jọ́ kejì. Lokrum, erékùṣù tó dojú kọ odi, kì í gba ẹnikẹ́ni sùn rárá, torí náà ẹni tó bá lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà.

Gruž ni àwọn olówó kì í fẹ́ràn, nítorí ariwo èbúté àti ibùdókọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ ẹni tó fẹ́ rí àwọn ará Dubrovnik fúnra wọn. Ọjà òwúrọ̀ ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja àti ewébẹ̀, oníbàárà rẹ̀ ni àwọn tó ń dáná nílé, ọkọ̀ tó ń lọ sí àwọn erékùṣù Koločep, Lopud àti Šipan sì ń gbéra ní ìtòsí rẹ̀. Àwọn mìíràn tó kó jáde nínú odi tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n wà ní Mokošica létí Rijeka Dubrovačka, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì kò ti wọ́pọ̀, tí arìnrìn-àjò kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń béèrè yàrá.